Ta Ní Ń Ṣọ́ Ẹnu-bodè Igbó?

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ka Igbó Olódùmarè, ìwé tí D. O. Fágúnwà gbé jáde ní ọdún 1949, kò lè tètè gbàgbé Àǹjọ̀nnú Ìbẹ̀rù. Òun ni oníbodè igbó náà. Olówó-ayé tí í ṣe ọdẹ kò rí ọ̀nà wọlé àfi ìgbà tí ó dojú kọ oníbodè yìí, tí wọ́n jọ fa ọ̀rọ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́, tí oníkálukú sì jẹ́ kí ẹnìkejì mọ irú ẹni tí òun í ṣe. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kan lọ wo igbó ìjọba àpapọ̀ tí a ń pè ní Old Oyo National Park. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó wọ aṣọ iṣẹ́ ni a bá lẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó ti tábìlì kékeré kan. Ó ka iye wa, ó gba owó, ó já ìwé fún wa, ó sì fi tọ̀yàyà-tọ̀yàyà kí wa pé kí a wọlé, kí a gbádùn ara wa. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà rọra sún mọ́ mi, ó ní, 'Ọ̀gá wa, Àǹjọ̀nnú Ìbẹ̀rù nìyẹn o!' Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, a sì kọjá.

Ẹ̀rín náà kò tán nínú mi títí mo fi padà délé, ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé tán, ó ti di ìbéèrè. Ìyàtọ̀ wo ni ó wà láàrin igbó tí àǹjọ̀nnú ń ṣọ́ àti igbó tí agbowó ń ṣọ́? Nínú àwọn méjèèjì, ta ni ó ṣọ́ igbó dáadáa jù? Àwọn kan lè sọ pé iṣẹ́ àwọn ẹlẹ́ka igbó àti ti àwọn tí ń bójú tó ìrìn-àjò afẹ́ ni kí wọ́n dáhùn irú ìbéèrè báyìí. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ lítíréṣọ̀ ni. Kí ẹnikẹ́ni tó fi ẹsẹ̀ tẹ igbó ni ó ti ní ìtàn kan lọ́kàn nípa igbó, ìtàn náà ni yóò sì sọ ohun tí ojú rẹ̀ yóò rí níbẹ̀.

Ẹ̀sùn kan wà tí ó ti di àkọ́sórí lẹ́nu ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń fi ìwé ṣe iṣẹ́. Èmi pàápàá ti fi kọ́ ni rí nínú kíláàsì, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ̀sùn náà ni pé Fágúnwà àti àwọn apààlọ́ tí ó wà ṣáájú rẹ̀ ni wọ́n dẹ́rù bà wá nípa igbó. Wọ́n fi iwin, ebora àti àǹjọ̀nnú kún inú rẹ̀ títí tí ọmọ Yorùbá kò fi lè ronú pé ènìyàn lè lọ sí igbó láti sinmi. A máa ń sọ pé òyìnbó a máa kó aya àti ọmọ rẹ̀ lọ sínú igbó lópin ọ̀sẹ̀, a ta àgọ́ síbẹ̀, a wo ẹyẹ, a sì padà sílé pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí ọmọ Yorùbá wá bá wa lọ, yóò béèrè ohun tí a sọ nù síbẹ̀.

Ẹ̀sùn náà dùn ún gbọ́, ó sì rọrùn láti sọ. Àmọ́ bí a bá tún ìwé Fágúnwà kà pẹ̀lú sùúrù, kò lè dúró. Ẹ jẹ́ kí a mú èyí tí ó kọ́kọ́ kọ, Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí ó jáde ní ọdún 1938. Lóòótọ́ ni Àkàrà-ògùn pàdé ohun ẹ̀rù nínú igbó náà. Ọ̀rọ̀ Àgbákò nìkan tó láti mú kí ọmọdé má fẹ́ sùn. Síbẹ̀, ọkùnrin yìí kan náà ni ó tún padà lọ lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tí ọba sì rán an níṣẹ́ sí Òkè Lángbòdó, ó kó àwọn ọdẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ, ó sì tún gba inú igbó náà lọ. Bí ó bá jẹ́ pé ìbẹ̀rù ni ẹ̀kọ́ ìwé náà, ìrìn-àjò àkọ́kọ́ ni ìtàn ìbá ti parí. Ohun tí ìwé náà ń sọ ni pé igbó tóbi ju ènìyàn lọ, pé ẹni tí yóò wọ̀ ọ́ gbọ́dọ̀ múra, pé kò sì yẹ kí ẹni tí ó wọ̀ ọ́ padà bọ̀ bákan náà bí ó ti lọ.

Kókó kẹta yìí ni mo fẹ́ kí á dúró lé lórí. Kí ni àwọn ọdẹ náà mú bọ̀ láti Lángbòdó? Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù nínú ẹrù wọn kì í ṣe ẹran ìgbẹ́. Ọgbọ́n tí Ìrágbèje fi ọjọ́ méje kọ́ wọn ni. Lẹ́yìn tí Àkàrà-ògùn sì ti darúgbó, kò gbé ohun tí ojú rẹ̀ rí lọ sí sàréè. Ó wá ẹni tí ó lè kọ̀wé rí, ó sì sọ ọ́ fún un kí ó lè kọ ọ́ sílẹ̀. Nínú èrò Fágúnwà, ẹni tí ó wọ igbó jẹ gbèsè. Ìtàn ni ó sì fi ń san án.

N kò sọ pé iṣẹ́ Fágúnwà kò ní àbùkù lórí ọ̀ràn yìí. Àbùkù kan wà tí mo rò pé a kò tíì tẹnu mọ́ tó. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tí ó ti ka ìwé márààrún rẹ̀ tán léèrè, yóò ka orúkọ iwin àti ebora fún yín bí ẹni ka owó. Ẹ wá bi í léèrè igi tí ó wà nínú igbó náà. Yóò dákẹ́. Àwọn olùgbé igbó ni Fágúnwà fi agbára èdè rẹ̀ yà sí wa lójú. Igbó fúnra rẹ̀ dà bí ògiri tí wọ́n ń ṣeré níwájú rẹ̀. Igi jẹ́ ohun tí ọdẹ ń gùn nígbà tí ewu bá dé. Bí àwọn olùkọ́ sì ti ń tẹ̀lé ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ láti ọdún yìí wá, a ti kọ́ ìran méjì tàbí mẹ́ta ní igbó tí ó ní àǹjọ̀nnú ṣùgbọ́n tí kò ní igi.

Kì í sì í ṣe pé àṣà wa kò ní ọ̀nà mìíràn. Àwọn ọdẹ tí ń sun ìjálá ní i. Nígbà tí Adébóyè Babalọlá tẹ ìwé ńlá rẹ̀ lórí ìjálá jáde ní ọdún 1966, ohun kan tí ó hàn gbangba nínú rẹ̀ ni bí ọdẹ ṣe ń ki ẹranko bí ẹni ń ki ọmọ ìyá rẹ̀. Ó mọ bí ẹfọ̀n ṣe ń rìn, ó mọ àwọ̀ ara ìgalà, ó mọ àrékérekè ọ̀bọ àti ìwọra rẹ̀. Kò sí bí ènìyàn ṣe lè ki ohun tí kò tíì wò dáadáa. Ọdẹ a jókòó sórí ẹ̀gùn láti ìrọ̀lẹ́ títí di ìdájí, kò ní mì, kò ní hú. Lóòótọ́, ó fẹ́ pa ẹran. Ṣùgbọ́n wíwò náà ti di ìgbádùn fún un kí ẹran tó dé, oríkì tí ó ń ki í ni ó sì jẹ́rìí sí i. Ẹni tí ó bá ń sọ pé Yorùbá kò mọ adùn igbó kò tíì fetí sí ìjálá. Ohun tí a kò ní ni àṣà kí ènìyàn máa sanwó láti lọ wo igbó. Ìyẹn ni ó jẹ́ tuntun.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ìrìn-àjò wa. Igbó tí a lọ wò náà gbòòrò: 2,512 kìlómítà níbùú-lóròó ni ìwọ̀n ilẹ̀ rẹ̀. Ọdún 1936 ni a ti ya apá kan nínú rẹ̀ sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí igbó ìjọba, ní apá òkè odò Ògùn. Wọ́n ya apá Ọ̀yọ́ Ilé sọ́tọ̀ ní ọdún 1941. Ní ọdún 1952 wọ́n sọ ọ́ di ibi tí a ti ń dáàbò bo ẹranko. Ọdún 1991 ni ó sì di ti ìjọba àpapọ̀. Kì í ṣe igbó dúdú bí èyí tí ó wà ní ìhà Oǹdó àti Ìjẹ̀bú. Ọ̀dàn ni púpọ̀ nínú rẹ̀, àfi létí odò níbi tí igi ti ṣù jọ. Ẹfọ̀n ń bẹ níbẹ̀, ìgalà ń bẹ níbẹ̀, a sì rí agbo ìjímèrè tí wọ́n ń sáré kọjá ojú ọ̀nà, tí àwọn ìyá gbé ọmọ mọ́ àyà.

Ohun tí ó mú kí igbó yìí yàtọ̀ sí gbogbo irú rẹ̀ ni pé olú-ìlú wa àtijọ́ wà nínú rẹ̀. Ọ̀yọ́ Ilé, ìlú àwọn Aláàfin, èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ láàrin ọdún 1830 sí 1840 nígbà tí ogun le. Ògiri ìlú náà ti wó, ó ti di ebè gígùn tí koríko bò. Àfọ́kù ìkòkò wà nílẹ̀. Ojú ibi tí àwọn obìnrin ti ń lọ nǹkan lórí àpáta ṣì jìn gbun-gbun. Igi òṣè ńláńlá sì dúró káàkiri, nítorí pé igi òṣè a máa bá ènìyàn gbé, ibi tí a bá ti rí i lọ́pọ̀ nínú ọ̀dàn, ó ṣeé ṣe kí ilé ti wà níbẹ̀ rí. Lójú mi, kò sí ìwé ìtàn tí ó lè sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ bí ìlú ṣe ń kú ju pé kí ó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ ebè ògiri yẹn lọ. Ìlú di igbó. Àwọn ará ìgbà náà bẹ̀rù pé igbó yóò gba ilé wọn. Àwa ará ìgbà yìí ni a wá ń bẹ̀rù pé ilé yóò gba igbó.

Níbẹ̀ ni ohun kan ti ṣẹlẹ̀ sí mi tí n kò lè fi pamọ́, nítorí òun ni ó bí àyọkà yìí. A dúró lábẹ́ igi kan láti sinmi. Igi náà ga díẹ̀, èèpo rẹ̀ funfun eérú, ewé rẹ̀ kéékèèké, ẹ̀ka rẹ̀ sì rọ̀ wálẹ̀ bí ẹni fẹ́ kí ni. Ó pọ̀ ní agbègbè náà ju igi mìíràn lọ. Ọmọbìnrin kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà bi mí pé, 'Ọ̀gá wa, igi wo nìyí?' Mo wo igi náà sókè, mo wò ó sódò. N kò mọ̀ ọ́n. Mo yíjú sí àwọn yòókù pé bóyá ẹnìkan yóò mọ̀ ọ́n. Kò sí. Ọkùnrin tí ń fi ọ̀nà hàn wá, ọmọ ọdẹ ni, ó dúró pẹ́ kí ó tó fèsì, mo sì mọ̀ pé ìtìjú tèmi ni kò fẹ́ dá kún. Ó ní, 'Bàbá, àyìn ni.'

Àyìn! Láti kékeré ni mo ti ń fi orin àyìn runu. Mo mọ bí ó ṣe korò lẹ́nu, mo mọ bí ó ṣe ń fọ́ eyín mọ́, mo mọ iye tí wọ́n ń ta ìdì rẹ̀ lọ́jà. Mo ti kọ́ni ní ìjálá fún ohun tí ó lé ní ogún ọdún, mo ti gba oyè ọ̀mọ̀wé lórí èdè Yorùbá, mo dúró lábẹ́ igi tí ó ti ń fọ̀ mí lẹ́nu láti ìgbà ọmọdé mi, n kò sì mọ̀ ọ́n. Mo ní orúkọ igi lẹ́nu, n kò ní igi lójú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ṣe ọmọlúàbí, wọn kò rẹ́rìn-ín.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi ojú mìíràn ka àwọn ìwé pélébé tí a ń pín fún àlejò ní ibi ìgbafẹ́ inú igbó àti etí omi. Mo ti kó púpọ̀ nínú wọn jọ láti oríṣiríṣi ibi, nílé àti lẹ́yìn odi. Ó yẹ kí alárìíwísí kà wọ́n bí ó ti ń ka ewì, nítorí pé àwọn ni lítíréṣọ̀ igbó tí ènìyàn púpọ̀ jù ń kà lóde òní. Èdè wọn jọ ara wọn bí ìbejì. Gbogbo omi ni ó mọ́ gaara, gbogbo òkè ni ó yani lẹ́nu, gbogbo afẹ́fẹ́ ni ó tuni lára. Bí a bá yọ orúkọ ibẹ̀ kúrò, a lè fi ìwé ti ìsun omi gbígbóná àti tútù Ìkògòsì júwe ìṣàn omi Olúmirin ní Ẹrìn-Ìjẹ̀ṣà, kò sì sí ẹni tí yóò fura. Bẹ́ẹ̀ sì ni ibi méjèèjì kò jọra rárá: ní Ìkògòsì, ohun ìyanu wà ní ìsàlẹ̀, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé, tí ọwọ́ kan ń gbóná tí èkejì ń tutù, ní Ẹrìn-Ìjẹ̀ṣà, gígùn ni ó wà níbẹ̀, omi ń já láti ìpele dé ìpele méje, ẹni tí kò bá ní agbára ẹsẹ̀ kò ní rí òkè rẹ̀. Èdè tí kò bá lè fi ìyàtọ̀ yìí hàn kò tíì wo ohun tí ó ń yìn. Ìyìn aláìlójú ni. Ọdẹ kan kò lè fi oríkì ẹfọ̀n ki ẹtu.

Ọ̀rọ̀ orúkọ yìí sì ní ẹ̀gún mìíràn nínú. Lọ́jà àgbáyé, níbi tí a ti ń ta pákó, ìrókò ni òyìnbó ń pe ìrókò, ìdigbó ni wọ́n ń pe ìdigbó, ọ̀pẹ̀pẹ̀ ni wọ́n ń pe ọ̀pẹ̀pẹ̀, afàrà ni wọ́n sì ń pe afàrà. Láti ẹnu Yorùbá ni wọ́n ti gbà wọ́n. Oníṣòwò pákó ní Lọ́ńdọ̀nù lè ka orúkọ mẹ́rin wọ̀nyí fún yín kí ó sì sọ bí pákó oníkálukú ti le tó. Mélòó nínú àwọn ọmọ tí ń ṣe ìdánwò Yorùbá ní ilé ẹ̀kọ́ girama ni ó lè nàka sí igi kan ṣoṣo nínú wọn? A kó igi náà ránṣẹ́, orúkọ rẹ̀ sì bá a lọ.

Nísinsìnyí, mo lè padà sí ìbéèrè mi: nínú ìbẹ̀rù àti owó, èwo ni ó ń ṣọ́ igbó dáadáa? Ọ̀pọ̀ àgbà ni yóò dáhùn kíákíá pé ìbẹ̀rù ni. Wọn yóò ní nígbà tí àwọn ènìyàn ṣì ń bẹ̀rù igbó orò àti igbó òrìṣà, ta ni ó jẹ́ gé igi níbẹ̀? Ó wù mí kí n gbà pẹ̀lú wọn, ṣùgbọ́n ìtàn Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo kò jẹ́ kí n lè gbà. Kò sí igbó tí a bẹ̀rù tó o. Èèwọ̀ ni kí a ṣọdẹ níbẹ̀, èèwọ̀ ni kí a pẹja níbẹ̀, èèwọ̀ ni kí a gé igi níbẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí yóò fi di nǹkan bí ọdún 1950 sí 1960, ìgbàgbọ́ tuntun ti gba ọkàn ọ̀pọ̀lọpọ̀, ojúbọ ti ń wó, ọdẹ ti ń wọlé, apẹja ti ń wọlé, agégi náà ti ń wọlé. Ìbẹ̀rù kò lè dáàbò bo igbó lọ́wọ́ ẹni tí kò bẹ̀rù mọ́.

Ohun tí ó gba igbó náà là ni iṣẹ́ ọnà. Susanne Wenger, ọmọ ilẹ̀ Austria tí a bí ní ọdún 1915, tí àwa mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, darapọ̀ mọ́ àwọn olùsìn àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ bíi Adébísí Àkànjí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi amọ̀, sìmẹ́ǹtì àti igi tún àwọn ojúbọ kọ́. Wọn kò tún ti àtijọ́ ṣe bí ó ti wà. Wọ́n fún igbó ní ojú tuntun, tí ẹni tí kò sin Ọ̀ṣun pàápàá fi lè rí i pé ohun kan ń bẹ níbẹ̀ tí kò gbọdọ̀ parun. Ní ọdún 1965 ìjọba sọ apá kan igbó náà di ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè. Ní 1992 ó kan gbogbo hẹ́kítà 75 rẹ̀. Ní 2005 àjọ UNESCO kà á mọ́ ohun àjogúnbá àgbáyé. Àdùnní kú ní ọdún 2009, igbó náà sì ń bẹ. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé nígbà tí ìbẹ̀rù kú, ìtumọ̀ ni ó rọ́pò rẹ̀. Àwọn olùsìn ń wọlé, àlejò tí ó sanwó náà ń wọlé, àwọn méjèèjì sì ń rọ ohùn wọn sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá dé etí odò.

Ṣùgbọ́n òtítọ́ a máa korò, n kò sì gbọdọ̀ fi ìtàn dídùn parọ́ fún òǹkàwé. Iṣẹ́ ọnà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Odò Ọ̀ṣun kì í ṣe ti Òṣogbo nìkan. Láti Ìgèdè-Èkìtì ni ó ti ń ṣàn bọ̀, ó sì gba ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kọjá kí ó tó dé inú igbó tí a ń bọ. Àwọn tí ń wa wúrà ní òkè odò ti ba omi náà jẹ́. Odò tí àwọn ènìyàn ń gbé ìgbá lọ síbẹ̀ láti bù mu nítorí ọmọ àti àlàáfíà, omi rẹ̀ ti pọ́n bí ẹrẹ̀. Inú ọgbà, èèwọ̀ ni kí a pa ẹja kan. Lẹ́yìn ọgbà, a ń da májèlé sí ohun tí gbogbo ẹja ń mu. Ìtàn wa dúró sí ibi tí ògiri ọgbà dúró sí. Odò kò mọ ògiri.

Ẹ tún wo Igbó Ọmọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Ọdún 1925 ni ó ti di igbó ìjọba. Ọdún 1977 ni UNESCO ti kà á mọ́ àwọn igbó tí ó yẹ kí gbogbo ayé bá wa tọ́jú. Erin ṣì ń bẹ níbẹ̀ díẹ̀, kò sì jìnnà sí Èkó. Apá ńlá nínú rẹ̀ ni wọ́n gé lulẹ̀ láti gbin igi mẹ̀lánà tí wọ́n fẹ́ máa fi ṣe ìwé ní Ìwopin. Bí mo bá ti ń rò ó, ara mi a máa bù máṣọ: igbó ni a gé kí a lè rí ìwé tẹ̀, kò sì sí ìwé Yorùbá kan tí ó gbajúmọ̀ tí a kọ nípa igbó náà. Ọmọ Èkó tí ó mọ gbogbo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ kò mọ̀ pé erin ń sùn ní ibi tí mọ́tò lè gbé e dé kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. Bí ẹni ń ra pákó bá dé ibẹ̀, ta ni yóò sunkún?

Ìdí nìyí tí n kò fi lè bá àwọn tí ń fi ìgbafẹ́ ṣẹ̀sín ṣe pọ̀. Mo mọ àwọn àgbà tí wọ́n ń sọ pé eré ọmọ olówó ni kí ènìyàn máa sanwó láti gun afárá lókè igi ní Lẹ́kì. Mo ti lọ síbẹ̀. Hẹ́kítà 78 péré ni igbó tí àjọ Nigerian Conservation Foundation dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1990. Afárá tí wọ́n ta sókè igi ní 2015 gùn tó mítà 401, ó sì ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀. Mo rí ọmọkùnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ, ó di okùn afárá mú, ó dúró, ó ń wo ọ̀bọ tí ń jẹ èso nísàlẹ̀ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń pè é pé kí ó jẹ́ kí wọ́n ya fọ́tò. Kò dá a lóhùn. Bí ọdẹ ṣe ń wo ẹran láti orí ẹ̀gùn ni ọmọ náà ṣe ń wò ó. Wíwò ti bẹ̀rẹ̀ nínú rẹ̀. Ohun tí ó kù ni ẹni tí yóò fún un ní ọ̀rọ̀ tí ó lè fi sọ ohun tí ó rí.

Iṣẹ́ wa nìyẹn, àwa tí a ń pe ara wa ní olùkọ́ èdè. N kò dá agbowó ẹnu-bodè lẹ́bi. Ohun tí a rán an ni ó ń ṣe, bí kò bá sì sí owó tí ó ń gbà, bóyá agégi ni ìbá ti gba ẹnu ọ̀nà náà. Ẹ̀bi àwa ni pé lẹ́yìn tí a san owó tán, kò sí ohun mìíràn tí ẹnikẹ́ni bi wá léèrè. Àǹjọ̀nnú Ìbẹ̀rù kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ Olówó-ayé, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí ó mọ̀ pé ilé onílé ni ó fẹ́ wọ̀. Mo fẹ́ kí á rí ẹni tí yóò bi wá ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀: Kí ni orúkọ ohun tí ẹ wá wò? Kí ni ẹ ó sọ fún àwọn ará ilé nígbà tí ẹ bá padà?

Èmi ti bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ara mi. Kí n tó kọ́ni ní oríkì ẹranko tàbí kí n tó ka ìtàn Àkàrà-ògùn ní kíláàsì, mo ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lọ bá ọdẹ, àgbẹ̀ tàbí eléwé ọmọ kan, kí wọ́n bá a rìn títí wọn yóò fi lè dá igi mẹ́wàá mọ̀ lórí ìdúró, láìka ohun tí ó kọ sínú ìwé. Kí oníkálukú sì kọ ojú ewé kan nípa ọ̀kan nínú wọn ní èdè Yorùbá. Púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń kọ kò tíì jọjú. Ìyìn aláìlójú ṣì kún inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún tí ó kọjá, ọmọ kan kọ̀wé nípa àràbà tí ó wà lẹ́yìn ilé bàbá rẹ̀ àgbà, bí òwú rẹ̀ ṣe ń fò lọ sórí aṣọ tí ìyá rẹ̀ sá, tí ìyá náà ń bú igi náà bí ẹni ń bú orogún. Mo ka ojú ewé náà lẹ́ẹ̀mejì. Mo sì bi í léèrè bóyá igi náà ṣì wà. Ó ní ó wà, ṣùgbọ́n àwọn ẹbí ti ń sọ̀rọ̀ nípa títà á.

Mo ní kí ó ka ohun tí ó kọ fún wọn.